Ta Ló Ń Bọ́ Sùúrù?

Sùúrù ni baba ìwà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yìí pa wá lẹ́nu mọ́. Ebi ń pa ọ́? Ṣe sùúrù. Èsì ìdánwò ò tíì jáde? Ṣe sùúrù. Èmi ò bá òwe àgbà jà o, àmọ́ ìbéèrè kan wà tí òwe náà kì í dáhùn: ta ló ń bọ́ ẹni tó ń ṣe sùúrù?

Ọtí ló kó ìbéèrè yìí sí mi lórí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mi ò mu ún yó. Ọtí tí mò ń wí yìí, mo kàn kà nípa rẹ̀ ni, mi ò fẹnu kàn án rí, torí owó ìgò kan ṣoṣo rẹ̀ ju owó oúnjẹ mi fún sáà ẹ̀kọ́ kan lọ.

Château Latour ni wọ́n ń pe oko tó ti ń wá. Ó wà ní Pauillac, ní agbègbè Médoc, lápá àríwá ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Latour túmọ̀ sí ilé ìṣọ́. Ilé ìṣọ́ àtijọ́ tó fún un lórúkọ ti wó tipẹ́. Èyí tó dúró níbẹ̀ báyìí, ilé ẹyẹlé ni wọ́n kọ́ ọ fún ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1855, nígbà tí Napoleon Kẹta ń palẹ̀ mọ́ fún ìpàtẹ ọjà ńlá kan ní Paris, àwọn alárinà ọtí ní Bordeaux to àwọn wáìnì pupa agbègbè náà sí ipò-ipò. Iye tí kálukú ń pa lọ́jà ni wọ́n fi tò wọ́n. Mẹ́rin péré ló bọ́ sí ipò kìíní: Lafite, Margaux, Haut-Brion àti Latour. Láti ìgbà náà, Mouton nìkan ni wọ́n tíì gbé gòkè wá bá wọn, ní 1973.

Àárín gbùngbùn oko náà ni wọ́n ń pè ní L'Enclos, hẹ́kítà 47, ó kọjú sí Gironde níbi tí odò ti ń fẹ̀ lọ bá òkun. Òkúta wẹ́wẹ́ ló bo ilẹ̀ rẹ̀, amọ̀ wà lábẹ́. Ẹ fún àgbẹ̀ oníṣu nírú ilẹ̀ yẹn, ẹ ó rí i bí yóò ṣe bínú tó! Àmọ́ òkúta yìí kì í jẹ́ kí omi dúró sídìí àjàrà, odò náà sì ń dín òtútù kù. Cabernet Sauvignon ni irú àjàrà tó pọ̀ jù níbẹ̀: èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ nípọn.

Inú èèpo yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń pè ní tannin wà nínú rẹ̀, òun náà ló ń mú ẹnu fún pọ̀ béèyàn bá jẹ obì tàbí gúáfà tí kò tíì pọ́n. Bí ọtí náà bá hó tán, wọ́n á rọ ọ́ sínú àgbá igi óákù tuntun, lítà 225 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ìgò 300. Yóò wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀, kó tó wọ ìgò. Ibẹ̀ ni ìdúró gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ìgò á dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn tó tutù, kí ọtí lè máa kan kọ́ọ̀kì. Díẹ̀díẹ̀, tannin àti àwọ̀ á máa so pọ̀ mọ́ra, òmíràn á rì sísàlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Líle á rọ̀. Pupa tó fẹ́ẹ̀ dúdú á máa dà bí àwọ̀ bíríkì. Òórùn èso á di òórùn igi, awọ àti tábà. Bí ọdún bá dáa, ó lè tó ogún ọdún kí ó tó rọ̀ dáadáa. Títí di òní ni àwọn tó mọ ọtí ṣì ń yin ti ọdún 1961.

Ẹmu tiwa ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ jàre. Èyí tí wọ́n dá láàárọ̀, bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Àmọ́ owó adẹ́mu náà ń dé lóòjọ́. Ti Latour wá ńkọ́? Ta ló ń sanwó ogún ọdún?

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn oníbàárà ni. Àṣà Bordeaux ni pé ní ìrúwé tó tẹ̀lé ìkórè, nígbà tí ọtí ṣì wà nínú àgbá, wọ́n á ti tà á fáwọn oníṣòwò. Owó á wọlé, ẹni tó rà á ni yóò máa dúró dè é. Ní 2012, Latour ní ó tó gẹ́ẹ́: ọtí ọdún 2011 ni wọ́n tà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Láti ìgbà náà, inú ilé tiwọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí títí tí wọ́n á fi rí i pé ó tó mu. Wọ́n lè ṣe é, torí François Pinault, ọ̀kan nínú àwọn olówó jù lọ ní ilẹ̀ Faransé, ló ra oko náà ní 1993. Owó oṣù àwọn tó ń gé ẹ̀ka ò dúró, owó àgbá ò dúró, ti ọtí nìkan ló dúró. Àgbẹ̀ onígbèsè ò lè dán an wò.

Àwọn igi pàápàá ń jẹ nínú owó ìdúró yìí. Igi tó ti dàgbà ni wọ́n fi ń ṣe ọtí àgbà. Èso àwọn ọ̀dọ́ igi ń lọ sínú Les Forts de Latour, èyí tí ìkórè 1966 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbin àjàrà lónìí lè ti fẹ̀yìn tì kí ọtí àgbà rẹ̀ tó jáde síta.

Ẹ wá gbé ìgò kan náà sójú fèrèsé, kí oòrùn máa pa á fún ogún ọdún. Ó dúró, àbí kò dúró? Ọtí tó ti bàjẹ́ lẹ máa bá níbẹ̀. Ọdún kan náà, ìgò kan náà, ibi tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ro tiwa. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, wọ́n á ní ká lọ sílé lọ ṣe sùúrù. Ọ̀kan nínú wa wà tí ìyá rẹ̀ fi owó àjọ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ó padà dé pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Òmíràn ò rí ẹni tó máa bọ́ ọ, kò sì padà mọ́. Àwọn méjèèjì ló ṣe sùúrù. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ pa òwe yẹn fún àbúrò yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ sì wo ibi tó ń sùn.