Ẹ̀yìn Ọ̀gá, Níbi tí Afẹ́fẹ́ Kì Í Dé

Túbù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi lẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó: n ó fẹ́ ẹ, n ó rì í bọ omi inú bàsíà, n ó wo ibi tó ti ń hó, n ó fi sáńpépà ha á kí n tó fi sọ̀lúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́. Mo rò pé mo ti mọ kẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé Raleigh àtijọ́ síwájú mi, súpókù 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Rímù ẹ̀yìn ń jó. Mo fún súpókù kan le, ó tún wọ́ sí i. Mo fún òmíràn, rímù di bí ẹyin.

"Súpókù kì í dá gbé rímù," ọ̀gá mi wí. "Bí o bá fún tọ̀tún, dẹ tòsì díẹ̀. Má fi agbára yí i."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò kí ó tó yí láìkan búréèkì.

Gígùn ló wá kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, a máa ń gba Orù lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ. Táyà mi kì í jìnnà sí ti ọ̀gá. Níbẹ̀, àwọn ni afẹ́fẹ́ ń kọlù, kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá mi igbọ̀nwọ́, iwájú kàn mí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a lọ sí Ìbíàdé, ní Ògùn Waterside, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí kò sí òkè tí yóò dá afẹ́fẹ́ dúró, mo gba iwájú, mo fi gbogbo ara wà á kí wọ́n lè rí i pé mo gbó. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mo ti já wọn sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi náà kú. Wọ́n bá mi, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹni tó gba iwájú kì í sá fún ẹni tó ń ṣíji bò."

Ọgbọ́n fífara pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú yìí ni mo rí lára Biniam Girmay, agunkẹ̀kẹ́ ọmọ Asmara ní Eritrea, ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọdún 2024. Ìrìn ọjọ́ náà ní Tour de France lé ní kìlómítà 230, dé Turin. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn títí ó fi ku mítà díẹ̀, ó sì yọ. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó borí ìrìn ọjọ́ kan nínú ìdíje náà. Ó tún borí lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó sì gba ẹ̀wù àwọ̀ ewé. Àwọn kan ní ẹ̀bùn ni. Èmi kò gbà. Ó kọ́ṣẹ́ ni: ní Asmara, lẹ́yìn náà ní ilé ẹ̀kọ́ àjọ kẹ̀kẹ́ àgbáyé ní Aigle, Switzerland.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Olímpíìkì Paris, Ese Ukpeseraye, agunkẹ̀kẹ́ Nàìjíríà tiwa, rí àyè láti díje lórí pápá yípo, ṣùgbọ́n kò ní kẹ̀kẹ́ pápá yípo. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn. Ó dùn mí dé egungun. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ tọrọ irinṣẹ́ lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, ẹ ra kẹ̀kẹ́ eré ìje fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ ẹ, ẹ mú un wá sí ìsọ̀ láàárọ̀ Sátidé. Túbù la óò ti bẹ̀rẹ̀.