Ìrora Kì Í Ṣe Oyè

Bí ẹ bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ìyá ìkókó bá ń dúpẹ́, ẹ ó ti gbọ́ ọ rí. Yóò gbé ọmọ lé apá, yóò ní òun kò gba abẹ́rẹ́ kankan, abẹ kò kan òun lára, bí àwọn obìnrin Hébérù ṣe ń bí lòun ṣe bí. Ìjọ á hó yèè, onílù á dá a lóhùn. Inú mi máa ń dùn bá a, nítorí ewu ńlá ni ìbímọ lọ́dọ̀ wa. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 ṣírò rẹ̀ pé nínú ọmọ 100,000 tó wáyé láàyè, ìyá 512 ló ń bá oyún tàbí ìbí lọ. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ padà wá, kó jó dáadáa. Àmọ́ obìnrin mìíràn wà ní ìlà ẹ̀yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ tirẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá. Òun náà gbọ́mọ dání. Kò bọ́ síta lọ́jọ́ tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìdúpẹ́, àlùfáà sì kà á pọ̀ mọ́ orúkọ àwọn tó ra mọ́tò tuntun. Ẹnì kan ti jẹ́ kó gbà pé ìbí tirẹ̀ kò pé.

Èrò yẹn ni mo fẹ́ bá wí. A jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bí wa, a sì ń fà á lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́: pé ìyà fúnra rẹ̀ níyì, pé ẹni tó jìyà jù ló sunwọ̀n jù, pé ohun tó bá ti rọni lọ́rùn ní àbùkù nínú.

Mo ti bímọ ní yàrá ìrọbí, mo sì ti di ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn mú níbẹ̀. Láàárín ìgbà méjèèjì, bẹ́ẹ̀dì yí padà, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu kò yí padà. “Ṣé orí rẹ la ti máa kọ́kọ́ bímọ ni?” “Àwọn ẹgbẹ́ rẹ náà rèé, ṣé o gbọ́ ohùn wọn?” Èyí tó burú jù nínú wọn ni: “Nígbà tó ń dùn mọ́ ẹ, ṣé o pè wá?” Ọmọbìnrin tí mo tẹ̀ lé lọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká etí ìró rẹ̀ jọ, ó fi eyín dì í mú, ó sì gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà ara irin náà fi lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, nítorí náà omijé rẹ̀ kò ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí ló ń ṣàn wọ̀. Nígbà tí ọmọ ké tán, nọ́ọ̀sì kan náà tó ń bá a wí fọwọ́ gbá a léjìká: “Obìnrin ni ẹ́. O ò jẹ́ ká gbọ́ ohùn rẹ.” Oyè tí wọ́n fi í jẹ nìyẹn, ó sì rẹ́rìn-ín gbà á.

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà. Abẹ́rẹ́ kan ń bẹ tí dókítà tó ń kunni lóorun máa ń gún sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí àwọn iṣan tó ń gbé ìrora láti ilé ọmọ ń gbà kọjá. Ojú obìnrin náà á là sílẹ̀, yóò mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀, yóò lè tì, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ á dínkù gan-an. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ láàárín wa ni pé ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́ títí ayé. Ojú ibi tí wọ́n gún lè máa ro ni fún ọjọ́ díẹ̀, òótọ́ ni. Títí ayé kọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́? Ìwádìí ọdún 2018 yẹn kan náà fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí a bí ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 3 péré ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde. Owó àti ọ̀nà jíjìn ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Síbẹ̀ mo mọ ilé tí owó ti wà, tí mọ́tò wà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá ọkọ ṣì ń sọ pé kí wọ́n ní sùúrù, pé ìran àwọn kì í fi abẹ bímọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà kì í dúró gbọ́ ìtàn ìran.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó gbé Bíbélì wá bá wa ti ja ìjà yìí ní ìlú tiwọn. Lọ́dún 1847, ní Edinburgh, dókítà kan tó ń jẹ́ James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń rọbí ní ether, lẹ́yìn náà chloroform, kí ìrora wọn lè rọlẹ̀. Àwọn kan dìde sí i pé ègún tí Ọlọ́run fi lé Éfà lórí ló fẹ́ gbà kúrò. Simpson náà ṣí Bíbélì: ó ní ṣebí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló mú Ádámù sùn fọnfọn kó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1853, Ọbabìnrin Victoria fa chloroform símú nígbà tó ń bí Leopold. Dókítà John Snow ló fún un. Ọdún 1853 yẹn gan-an ni David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna kó dé Ìbàdàn láti wàásù. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ègún Éfà láìmọye ìgbà. Mi ò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí oorun Ádámù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àṣà wa ló ní kí obìnrin jẹ̀rora. Kí ni àwọn ìyá ńlá wa ń wá kiri? Abíwẹ́rẹ́ ni. Bí oyún bá ti ń dàgbà, wọn á tọ oníṣègùn lọ, wọn á gba àgbo mímu, wọn á gba ọṣẹ ìwẹ̀, wọn á bu omi Ọ̀ṣun mu. Èmi kò wí pé gbogbo àgbo wọ̀nyí ló dára. Àwọn kan nínú wọn máa ń mú kí ilé ọmọ fún jù, ewu sì wà nínú ìyẹn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́. Títí dòní, ẹni tó bá rí aboyún lọ́nà á ní yóò sọ̀ láyọ̀, á ní a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Kò sí àgbà kan tó gbé ọwọ́ lé aboyún lórí rí tó ní kí ó dùn ún dáadáa.

Àwọn ènìyàn máa ń fi ilà kíkọ dá mi lóhùn: ìnira ni nígbà tí a ń kọ ọ́, bó bá jinná tán a di oge. Ọ̀rọ̀ yẹn kò gbè wọ́n. Oge la fẹ́. Ìnira ni owó tí a san. Bí ọlọ́jà bá wá ní òun gbé ọjà náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò fi owó lé e lọ́wọ́ dandan, tí yóò tún máa fi ìyẹn yangàn? Ẹ tún wo òwe tó sọ pé bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré á máa gorí ẹni. Ẹni tó pa á ti rí ìyà lójú kòrókòró. Kò rí i pé ó ń gbéni ga.

Síbẹ̀ èrò náà kò fẹ́ lọ, mo sì rò pé mo mọ ìdí tí àwọn ìyá fi rọ̀ mọ́ ọn ju àwọn baba lọ. Bí ọmọ bá ṣàìgbọràn, kí ni ìyá ń ránni létí? Ìkúnlẹ̀ ni, àti ọmú. Kò ní sọ̀rọ̀ owó tó fi òwò rẹ̀ pa láti fi rán ọmọ níwèé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ̀rọ̀ ọgbọ́n tó fi mú ilé dúró nígbà tí ọkọ kò níṣẹ́. Ìrora nìkan ló ń gbé síwájú, nítorí òun nìkan ni ayé gbà fún un láìjiyàn. Obìnrin tí wọn kì í pè sí ìpàdé ẹbí, tí ilẹ̀ kì í kàn, tí a kì í bi pé kí lo rò, ó ní ohun kan tí ọkùnrin kankan kò lè sọ pé òun náà ní. Bí a bá wá dé, tí a ní kó gba abẹ́rẹ́, ó lè dà bíi pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ la fẹ́ gbà. Nítorí náà n kò bínú sí ìyá tó ń yọ ṣùtì sí ọmọ rẹ̀ tó béèrè oògùn ìrora. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí i fún ọgbọ́n rẹ̀, fún òwò rẹ̀, fún ilé tó dì mú. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ á tó lè tú kúrò lára ìrora.

Mi ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣekára níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bú ìfaradà. Nígbà tí kò bá sí oògùn, ìfaradà ni oògùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ní i. Oògùn tó wà lórí tábìlì tí a kò fún aláìsàn ni mò ń sọ.

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ìgbà tó dé inú egungun ni ọ̀rọ̀ náà le. Bí a bá ti ń wọlé, Màmá á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọn á rẹ́rìn-ín sí wa, òógùn á máa sun níwájú orí wọn. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò kékeré kan wá, oògùn ìrora tó ń jẹ́ morphine tí wọ́n po mọ́ omi. Màmá kọ̀. Wọ́n ní ìdánwò ni Ọlọ́run gbé ka òun níwájú bíi ti Jóòbù, òun sì fẹ́ yege. Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba. “Màmá,” ó ní, “nígbà tí eéwo bo Jóòbù lára, àpáàdì ló mú tó fi ń họ ara. Ohun tó wà nítòsí rẹ̀ ló lò. Èyí ló wà nítòsí yín.” Màmá wò ó títí. Wọ́n la ẹnu.

Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń wọn oògùn náà, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wọn kì í dúró kí ìrora padà kí wọ́n tó fún Màmá. Wọ́n fi oògùn ìyàgbẹ́ kún un, nítorí morphine máa ń mú inú le. Láàárín ọjọ́ mélòó kan Màmá sùn mọ́jú, wọ́n sì béèrè àkàrà. Wọ́n ránṣẹ́ pe àbúrò wọn tí wọ́n ti ń bá yan odì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sunkún, ìjà parí. Wọ́n sọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti ẹni tí a kò gbọ́dọ̀ sin ní gbèsè mọ́. Ìyá tí mo mọ̀ láti kékeré padà wá bá wa. Bí ìrora náà ti pọ̀ tó tẹ́lẹ̀, kò fi àyè sílẹ̀ fún ìwà rere kankan. Gbogbo agbára wọn ló gbà. Lọ́dún 1957, Póòpù Pius Kejìlá dá àwọn dókítà lóhùn pé onígbàgbọ́ tó ń kú lọ lè gba oògùn ìrora láìṣẹ̀. Ó wù mí kí àwọn olùṣọ́ àgùntàn tiwa náà sọ ọ́ lórí àga ìwàásù.

Oògùn náà kò dé ibi tó yẹ kó dé. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ jábọ̀ lọ́dún 2017 pé nínú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 299 oògùn ìrora irú èyí tí wọ́n ń pín kárí ayé lọ́dọọdún, kílò 100 péré ló ń kan àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù. Kì í ṣe pé ó wọ́n. Láti ọdún 1993 tí Anne Merriman ti dá Hospice Africa Uganda, àjọ tó ń tọ́jú àwọn tó ń kú lọ, sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun morphine po oògùn olómi níbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tó mọ iṣẹ́ kíkun aláìsàn lóorun dunjú, wà lára àwọn tó fi ìtọ́jú yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ̀ pé ó wà, nítorí ènìyàn kì í lọ béèrè ohun tó gbà pé kò yẹ kí òun ní.

Ọmọ àbúrò mi kan ti lóyún oṣù mẹ́fà. Mo ní kó tẹ ilé ìwòsàn láago kó béèrè ohun mẹ́ta: ṣé dókítà tó ń kunni lóorun máa ń wà lóru, àbí ojúmọmọ nìkan, èló ni abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹnì kan nínú wa dúró tì í. Èyí tó kọ́kọ́ pè kò ní abẹ́rẹ́ náà. Èkejì ní àwọn ní, ṣùgbọ́n kó wá rí dókítà kí oyún tó wọ oṣù kẹjọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun náà ń bọ̀, òun ní ìbéèrè tòun.