KẸ̀KẸ́ TẸ̀, ẸSẸ̀ KÁN: ÈWO NI KÁ KỌ́KỌ́ TÚN ṢE N'ÍSỌLỌ̀-Ọ̀PIN?

Ẹni tó bá gba Òmù-Àrán wọ Ọ̀sì, tó wá kọrí sí àgbègbè Ọ̀pin, yóò rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í tẹ́jú pẹ́. Bí ọ̀nà bá gòkè díẹ̀, á tún dà sísàlẹ̀. Àpáta yọrí láàrin oko iṣu àti oko ẹ̀gẹ́. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ìsọlọ̀-Ọ̀pin wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Ìpínlẹ̀ Kwara, tí Àràròmí-Ọ̀pin jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Kí àlejò má ṣì í gbọ́ o: Èkìtì ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe Èkìtì ti Adó. Abẹ́ Ìlọrin làwọn òyìnbó pín wọn sí, ìdí nìyẹn tí ìwé àtijọ́ fi ń pe Ọ̀sì ní Ọ̀sì-Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n sì dá Kwara sílẹ̀ ní 1967, Kwara ni wọ́n bá lọ.

Lórí ilẹ̀ báyìí, kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe ohun fàájì. Ẹrù ni wọ́n ń fi í gbé: iṣu, gàrí, epo, igi ìdáná, nígbà mìíràn ọmọ lórí irin iwájú, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tì í. Ìyẹn ò le. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń dà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wàhálà wà. Raleigh àtijọ́, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin gbọọrọ ló fi ń fa bíréèkì, rọ́bà rẹ̀ á sì fún mọ́ rímù. Rímù ọ̀hún ń dán bíi dígí. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, rọ́bà ò ní ríbi dì mú mọ́. Èèyàn á fa bíréèkì títí, ńṣe ni yóò máa yọ̀. Ẹ wá gbé àpò gàrí kan lé e lẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi yangí tó ń yí lábẹ́ táyà kún un. Kí ló kù?

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò lágbègbè yẹn rárá. Ní Ọ̀sì níbẹ̀, Aréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére tó kú ní 1954, gbẹ́ ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn, ó fi í sáàrin àwọn ẹlẹ́ṣin àtàwọn jagunjagun. Ẹni tó ń fi irinṣẹ́ Ògún rówó, tó sì ń ná an láìháwọ́, ni wọ́n túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí. Agbẹ́gilére, alágbẹ̀dẹ, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, Ògún kan náà ló ni gbogbo wọn. Lára ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ kì í gbéni ṣubú. Ojú ọ̀nà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n eegun ò mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ló gbé òun ṣubú tàbí pẹ́dà.

Ká ní àgbẹ̀ kan ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà. Ẹ wo ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Kò ní wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Yóò wọ́ ara rẹ̀ lọ síbi kẹ̀kẹ́, yóò gbé e dìde, yóò yí táyà iwájú wò bóyá ó ṣì ń yí. Àwọn èèyàn á máa kígbe pé, "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú orí ire!" Òun á máa wá bẹ́ẹ̀lì tó já. Ẹni tó bá dá a lẹ́bi ò mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ jẹ́. Òun ni ẹsẹ̀ tó ń gbé oko wọ ọjà, òun náà lowó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ. Àmọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó mọṣẹ́ á sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jókòó ná. Irin lèyí, ó lè dúró dọ̀la. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ orí ló fi gbálẹ̀, tó wá ń bì, tó ń tòògbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn, òru ì báà jẹ́. Bó bá jẹ́ ojú ọgbẹ́ ni, omi mímọ́ àti ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí wọ́n má rọ́ ilẹ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i, nítorí inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni àrùn tí ń dí ni lẹ́nu pa, tí ń sọ gbogbo ara di gígan, ń gbé. Abẹ́rẹ́ wà fún un. Bí eegun bá sì ti yọ jáde lára, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́, dókítà ló ni ín.

Eegun tó kán sínú láìyọ jáde ló ń fa ìjà nínú ẹbí. Apá kan á ní ilé ìwòsàn, apá kejì á ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun. Iṣẹ́ àwọn tí ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe iṣẹ́ àná. Wọ́n á fọwọ́ wá ibi tó kán, wọ́n á fà á bọ̀ sípò, wọ́n á fi òrí wọ́ ọ, wọ́n á fi igi pẹlẹbẹ tàbí ọparun há a, wọ́n á dì í. Àwọn mìíràn á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n á to tirẹ̀ náà. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa ni wọ́n á tú ti aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ló ti ọ̀dọ̀ wọn rìn padà sílé.

Ibi tí ewu wà ni okùn. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kán á máa wú. Bí wọ́n bá dì í le koko lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó wá wú sínú okùn yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò ní ríbi gbà, láàrin wákàtí díẹ̀ ẹran ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú aláìsàn, ọmọ ìka ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá tutù, tó bá ń dúdú, tó bá kú tipiri, tàbí tí ìrora ń le sí i dípò kó máa rọlẹ̀, ẹ tú okùn yẹn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹni tó dì í, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn kan ti pàdánù ẹsẹ̀ tí wọn ì bá fi rìn nítorí pé wọn ò fẹ́ kan bàbá oníṣègùn lábùkù.

Ilé ìwòsàn ò sì jìnnà bíi ti ìgbà kan. Láti 1952 ni ti àwọn ajíyìnrere ti wà ní Ẹ̀gbẹ́, lápá Èrúkù lọ́hùn-ún, kó tó di pé 1991 gbé Ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí Kogí. Ti Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1980. Ìgbòbì l'Ékòó, tó di ilé ìwòsàn eegun ní 1945, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ló ti bẹ̀rẹ̀.

Eegun apá á gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti ojúgun á gba oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló máa kọ ebè láàrin ìgbà yẹn? Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe wà. Owó ńkọ́? Àjọ ìyàwó ni, àjọ tó ti fẹ́ fi ra ọjà tuntun. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọkọ ló ṣubú, àtẹ ìyàwó ló máa ń fara pa.

Kẹ̀kẹ́ wá kàn. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá táyà méjèèjì wà lójú ìlà kan. Rímù tó wọ́, sípóòkì ló ń tún un ṣe: ti Raleigh àtijọ́, 32 ló wà níwájú, 40 lẹ́yìn. Ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ẹ di ṣọ́ọ̀kì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù, ẹ yí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá kàn ló yọ síta. Ẹ dẹ sípóòkì ẹ̀gbẹ́ yẹn díẹ̀, ẹ fún ti òdìkejì, díẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi hámà lù ú ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ wo pín tó di apá pẹ́dà mú, nítorí tó bá dẹ̀, ẹsẹ̀ á já bọ́ lójijì lórí òkè.

Fọ́ọ̀kì iwájú ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré. Tó bá ti tẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan á fi iná yọ́ ọ, wọ́n á nà án, wọ́n á kùn ún lọ́dà, á sì jọ tuntun. Irin tó tẹ̀ tó tún nà ti ní àárẹ̀ nínú. Bó bá dá, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò ti dá, ojú lẹni tó gùn ún á sì fi gbálẹ̀. Ẹ ra òmíràn, àlòkù tó ṣì nà ṣánṣán ì báà jẹ́. Oníbàárà á pariwo owó. Ẹ jẹ́ kó pariwo.

Ẹsẹ̀ tó bọ́ nínú igi á tín-ín-rín, orúnkún á gan. Tí oníṣègùn bá ti fọwọ́ sí i, pẹ́dà gan-an á bá a tú orúnkún yẹn, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, láìsí ẹrù, ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́. Ẹrù á dúró di oṣù mìíràn. Bó bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gbé e ṣubú, kó sọ̀kalẹ̀, kó fọwọ́ di bíréèkì mú, kó máa tì í lọ. Àwọn ọmọdé á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú igbá lórí ò ní rẹ́rìn-ín.