Ataare Kan Péré

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Ìkirè ní ọdún 1985, n kò sì mọ nǹkan kan nípa tíátà ju kí n san owó wọlé kí n sì rẹ́rìn-ín. (Ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni à ń pè wá nígbà náà, ọdún 1991 ni a tó di ará Ọ̀ṣun.) Olùkọ́ kan tí ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ ni ó mú ìwé ìtàn Yorùbá kan dání. Bí mo ti ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò náà ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: pé ní ọjà Àpòmù, ní nǹkan bí ọdún 1820 ó lé díẹ̀, ará Òwu kan àti ará Ìjẹ̀bú kan jà lórí ataare. Igba ni ẹni tí ó tà á ní ó jẹ́. Ẹni tí ó rà á kà á, ó ní ọ̀kan dín. Ìjà yìí wà lára ohun tí ó kó Ìjẹ̀bú wọ ogun tí ó pa ìlú Òwu run.

Àpòmù tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà rẹ̀ ní kékeré! N kò lè sùn mọ́jú. Kí ni oníbàárà náà sọ nígbà tí ó kà á tán? Ta ni ó dúró tì í? Èmi tí mo ti bá àwọn oníṣòwò jà rí lórí bọ́tìnì kan, ó yẹ kí n mọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ń wá eré tí wọn yóò ṣe nígbà ìkórè, mo sì fún wọn ní ìtàn náà. Ogún ìṣẹ́jú ni a fi ṣe é. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n náwó fún wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àpòmù sì ní bí a bá lè sọ ọ́ di eré wákàtí méjì, òun yóò yá wa ní gbọ̀ngàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré ti ṣe ń kúrò ní ìjọ. Fún ìjọ ni Hubert Ògúǹdé kọ eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó ní ọdún 1944, kí ó tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Orin Àjíǹde ni Dúró Ládípọ̀ gbé kalẹ̀ ní ìjọ ní Òṣogbo ní ọdún 1961. Àwọn kan bínú sí ìlù tí ó gbé wọlé, ó sì kó ìlù rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1964, ó ti gbé Ọba Kò So dé Berlin ní Jámánì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí a kàn fa ogún ìṣẹ́jú gùn ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni a fi ń ṣe ìdánrawò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi lálaalẹ́. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀lé ara wọn nìkan ni mo kọ sílẹ̀; olúkúlùkù ń wá ọ̀rọ̀ fún ẹnu ara rẹ̀, bí àwọn aláàárìnjó ti máa ń ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, eré náà kò ládùn. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe oníbàárà á kàn kígbe pé, “Ó dín kan!”, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀, kò dun ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó jókòó, ó tẹ́ ataare sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní márùn-ún márùn-ún, bí àwọn ìyá wa àtijọ́ ti ń ka owó ẹyọ. Onílù ń bá a lọ. Nígbà tí ó di ìgbà ogójì, tí ọwọ́ rẹ̀ kó mẹ́rin, ìlù dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó mí. A ti rí eré wa.

Ó wá ku ìnáwó. Aṣọ kò jẹ́ ìṣòro fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá, ìwé ìkéde, ọkọ̀ àti onílù (ẹni tí kì í fọwọ́ kan ìlù bí kò bá tí ì rí owó) gba owó tí n kò ní. Mo fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe ìdógò. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo àyè tí ẹ̀rọ náà ti kúrò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ ni àwọn àna ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pé àwọn kò fẹ́ onítíátà níyàwó. Mo di dòdò Ìkirè, mo lọ bẹ̀ wọ́n ní Àpòmù. Ìyá ọkọ gba dòdò, ó sì fi ọ̀wọ̀ sìn mí jáde. N kò bú u. Ojú tí ayé fi ń wo òṣèrébìnrin kò dára. Ògúǹdé fúnra rẹ̀ gbé àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí wọ́n má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abíọ́dún Dúró-Ládípọ̀, tí ó ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ìyàwó ọ̀gá ni òun náà. Ọmọ tèmi kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ó sunkún, ó sì lọ.

Èmi, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, ni mo wọ aṣọ tí mo rán fún un, lẹ́yìn tí mo tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní alẹ́ ọjọ́ náà àwọn ará Àpòmù ń bá mi kà, nígbà tí mo kan mẹ́rin, ìyá arúgbó kan níwájú ní, “Tún un kà, ọmọ mi!” A san owó onílù, a san owó àwọn òṣèré, ohun tí ó kù kò tó gba ẹ̀rọ mi padà. N kò fọwọ́ kan owó òṣèré kankan, bí ó tilẹ̀ ń wù mí. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní iṣẹ́. Eré ìkórè ni tẹ́lẹ̀.

Ìgbà kẹta tí a ṣe é, ní Ìkirè, ni mo tó gba ẹ̀rọ náà. Mo rí ọmọbìnrin ọ̀hún lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyún, ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí eré parí, ó wá kúnlẹ̀ kí mi.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ máa ń yára jù tí ẹ bá ti dé ọgọ́jọ. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti rọra.”