Ilé Àtijọ́ Tí Atẹ́gùn Kò Kọ̀ Sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn

Láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn, ọ̀nà Ìjàyè ni ọkọ̀ wa gbà dé Ìṣẹ́yìn. Bí a ti ń lọ ni igi ńlá ń dín kù, tí pápá ń gbòòrò, tí àpáta sì ń yọrí lókèèrè. Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, òógùn ti rin aṣọ mi gbingbin.

Aṣọ òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ sí Ìṣẹ́yìn. Èmi náà rà á, ṣùgbọ́n ilé ni mo bá lọ: ilé iṣẹ́ kan ní ẹ̀yìn ìlú, níbi tí bàbá àgbà mi ti ṣe akọ̀wé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. A gbọ́ nílé pé wọ́n fẹ́ wó o, mo sì fẹ́ fi ojú mi rí i.

Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró tì í yóò rí ọgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ. Yàrá kan péré ni ìbú rẹ̀, kí atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé iwájú wọlé lè gba ti ẹ̀yìn jáde. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kúrú ló kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Òrùlé rẹ̀ yọ síta, ó ṣíji bo fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi mọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí aṣọ òkè oníhò, ó bo ènìyàn, kò sì dí atẹ́gùn lọ́wọ́.

Ilé tuntun onígíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sí iná. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì béèrè ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé àga lọ sí ilé àtijọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, bí iná bá ti lọ, ibẹ̀ la máa ń sá sí. Bí iná bá dé, a ó padà sínú ilé tuntun, a ó sì máa sọ bí wọ́n ṣe máa wó èyí.”

Irú ilé báyìí gbilẹ̀ nílẹ̀ wa láàrin ọdún 1950 sí 1970. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti Ìlú Ọba, lo ọgbọ́n yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Ògiri oníhò ṣì wà lára ilé ìkàwé Kenneth Dike níbẹ̀. Ní Dùgbẹ̀, Ilé Kòkó alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965, jóná ní 1985. Wọn kò wó o. Wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣí padà ní 1992.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí olùgbèjà bẹ́ẹ̀. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó dàgbà ju ìwọ̀nyí lọ, òfin sì ti ń dáàbò bò ó láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án, 2016. Bí èyí tó lórúkọ bá lè wó, ta ni yóò gba ilé akọ̀wé lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́yìn sílẹ̀?

Páànù tuntun àti fèrèsé tó ṣeé ṣí ni ilé yìí nílò jù. Òwú tí àwọn ahunṣọ ń ta máa ń gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ náà gùn. Iṣẹ́ kò lè wọ́n fún un. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé tuntun láṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àkísà ni ara ti ń tù wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí ẹ tó gbà pé kí wọ́n wó ilé àtijọ́ àdúgbò yín, ẹ lọ jókòó nínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, lọ́jọ́ tí kò sí iná.