Ta Ló Wà Lẹ́yìn Rọ́bọ́ọ̀tì Náà?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ 1X, tó ti Norway bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí California, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ra rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ NEO. Ó ní orí, ó ní apá méjì àti ẹsẹ̀ méjì, wọ́n wọ aṣọ híhun fún un kó má baà jọ irin, owó rẹ̀ sì jẹ́ $20,000. Iṣẹ́ ilé ni wọ́n ní yóò máa ṣe: yóò ká aṣọ, yóò palẹ̀ àwo mọ́, yóò ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ohun kan wà nínú àlàyé wọn tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ kan bá kọjá ohun tí rọ́bọ́ọ̀tì náà mọ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, níbi tó jókòó sí, yóò dé awò sójú, yóò máa fi ojú rọ́bọ́ọ̀tì wo inú ilé onílé, yóò sì máa fi ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ṣiṣẹ́. Onílé ni yóò kọ́kọ́ fún un láyè, wọ́n sì ní àwọn lè bo àwòrán àwọn tó wà nínú ilé. Síbẹ̀, ènìyàn ló wọlé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń jiyàn lé lórí ni pé ṣé àwọn rọ́bọ́ọ̀tì yìí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni, àbí wọn yóò gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní tèmi, ìbéèrè kan ṣíwájú ìyẹn: ta ló wà lẹ́yìn wọn, ta ni yóò sì dáhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́? Àwòrán ènìyàn tí wọ́n gbé wọ ẹ̀rọ ń mú ohun méjì wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń mú kí a gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ náà bí a ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, kó tó ṣe ohun tó fi yẹ bẹ́ẹ̀. Ó sì ń bo ènìyàn gidi tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Kí irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀ tó di ará ilé, mo gbà pé òfin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jáde sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1770, ní Vienna, Wolfgang von Kempelen gbé ẹ̀rọ kan jáde níwájú ọbabìnrin Maria Theresa: ère ọkùnrin kan tó wé láwàní bí ará Tọ́kì, tó jókòó ti àpótí ńlá, tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ó na àwọn ọlọ́lá, ó sì na Napoleon ní 1809. Wọn a máa ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà kí àwọn òǹwòran lè rí i pé kìkì irin ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀jáfáfá atayò kan ti ká ara rẹ̀ jọ sí kọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó jóná ní Philadelphia ní 1854. Ère náà lókìkí káàkiri ayé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló mọ àwọn tó ń fara da ooru inú àpótí. Irú rẹ̀ tún wáyé lóde òní: ní oṣù kẹwàá 2024, Tesla pe àlejò sí ọgbà sinimá kan ní Burbank, ní California, rọ́bọ́ọ̀tì Optimus ń bu ọtí fún wọn, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Kò pẹ́ tó hàn pé ènìyàn ló ń ti ẹ̀yìn darí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló ń tan ni jẹ. 1X sọ tirẹ̀ síta. Mo sì kan sáárá sí àwọn tó ṣe Tiangong Ultra, tó ṣíwájú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó sá eré ìje kìlómítà 21 ní Beijing ní oṣù kẹrin 2025. Rọ́bọ́ọ̀tì 21 ló bẹ̀rẹ̀, 6 péré ló parí. Tiangong lo wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì rin ìrìn tó jìn tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń bá a sáré lọ.

Ìdí tí ènìyàn kò fi tíì lè kúrò níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Hans Moravec, onímọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì, kọ ọ́ ní 1988 pé ohun tí àgbà kà sí iṣẹ́ ọpọlọ, bí ayò àti ìṣirò, rọrùn láti kọ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí ohun tí ọmọ ọdún kan ń ṣe, kó ríran, kó rìn, kó di nǹkan mú, le koko fún un. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà Deep Blue na Garry Kasparov, ọ̀gá atayò àgbáyé, nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Ó ti ń lọ bí ọgbọ̀n ọdún báyìí, síbẹ̀ aṣọ kíká ṣì ni àwọn onírọ́bọ́ọ̀tì ń fi yangàn nínú fídíò. Aṣọ kì í dúró sójú kan. Bí a bá ti gbá a mú ló ń yí padà. Awọ ọwọ́ ènìyàn mọ̀ pé ife ń yọ̀ bọ́ kí ojú tó rí i, ó mọ tòmátì tó ti rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣì le. Ọwọ́ tó ń wẹ arúgbó tún ní láti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: kó mọ ibi tó ń dùn ún láìjẹ́ pé ó sọ ọ́, kó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Iṣẹ́ tí a ti ń fojú kékeré wò, tí a ń tì sọ́dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀, ló wá di èyí tó le jù fún ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan mú wa tún owó àwọn tó ń ṣe é ṣírò.

Ilẹ̀ Jàpáànì ni a ti lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rọ́bọ́ọ̀tì bá dé àárín ènìyàn ní tòótọ́, nítorí nǹkan bí mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́wàá níbẹ̀ ló ti tó ẹni ọdún 65, wọ́n sì ti ń wá olùrànlọ́wọ́ tipẹ́. Ní 2014 ni ilé-iṣẹ́ SoftBank fi Pepper hàn, rọ́bọ́ọ̀tì olójú ńlá tó ń báni sọ̀rọ̀; wọ́n ṣe bíi 27,000 kí wọ́n tó dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2020. Olùwádìí kan, James Wright, lọ wo bí wọ́n ti ń lo Pepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 2023, *Robots Won't Save Japan*. Pepper ló yẹ kó máa kó àwọn àgbà ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ní láti dúró tì í kó máa ṣe é pẹ̀lú rẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbé wọn dìde, ẹnìkan ní láti máa tì í káàkiri. Iṣẹ́ tó yẹ kó fúyẹ́ tún wúwo sí i. Ní Nagasaki, òtẹ́ẹ̀lì Henn na tó fi rọ́bọ́ọ̀tì ṣe òṣìṣẹ́ láti 2015 ti yọ ju ìdajì nínú wọn lọ nígbà tí 2019 fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà nínú yàrá tilẹ̀ ń gbọ́ ìhanrun àlejò bí ẹni pé ó ń bá a sọ̀rọ̀, á sì jí i lóru.

Àwọn tó ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ní èsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àtẹ̀gùn wa, ọwọ́ ilẹ̀kùn wa àti ìkòkò wa, ara ènìyàn ni a fi wọ̀n wọ́n, nítorí náà ẹ̀rọ tó bá ní irú ara yìí yóò lò wọ́n láìjẹ́ pé a tún ilé kọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ẹ̀rọ tó ti gbà wá lọ́wọ́ làálàá jù: ẹ̀rọ ìfọṣọ kò jọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ti abọ́ aṣọ, ẹ̀rọ ìlọta kò sì jọ ẹni tó kúnlẹ̀ ti ọlọ. Wọn kò jọ wá, a kò sì retí ju ohun tí wọ́n lè ṣe lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ti àwòrán ènìyàn, ìran Yorùbá ní ìrírí tirẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, agbẹ́gilére a gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn kùn ún, a máa bu oúnjẹ fún un. Ìyá ló ń tọ́jú ère. Kò sí ẹni tó ní kí ère tọ́jú ìyá. Paro, rọ́bọ́ọ̀tì tó jọ ẹran òkun onírun funfun tí Takanori Shibata ṣe, tí ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àrùn ìgbàgbé fẹ́ràn, sún mọ́ èyí ju Pepper lọ. Kì í gbé ẹnikẹ́ni, kì í wẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ló ń gbé e mọ́ra.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tí kò ní olùtọ́jú kankan. Ṣé rọ́bọ́ọ̀tì kò sàn ju yàrá òfìfo lọ? Mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ìyẹn dànù. Ìwádìí tí Karen Eggleston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn ilé ìtọ́jú ní Jàpáànì tilẹ̀ fi hàn pé níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì wà, òṣìṣẹ́ kò dínkù, ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i, wọn kì í sì í tètè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n irú àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì lóru, tó sì ń ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti gbé ènìyàn, ló pọ̀ níbẹ̀, ènìyàn sì dúró sídìí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìtó olùtọ́jú kì í kàn ń ti ojú ọ̀run bọ́. Ní 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí físà fún àwọn tó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú (kẹ́à), ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí ọmọ Yorùbá wà nínú wọn, sì gba ibẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025 wọ́n ti ọ̀nà náà pa mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wá láti òkè òkun. Ọwọ́ wà, ẹni tó ni ọwọ́ ni wọn ò fẹ́ kó wọlé.

Ibí yìí ni ẹ̀rù rọ́bọ́ọ̀tì ti ń bà mí jù. Ní Tokyo, rọ́bọ́ọ̀tì ilé-iṣẹ́ Telexistence ń to ohun mímu sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù FamilyMart. Bí ó bá kọsẹ̀, òṣìṣẹ́ tó jókòó ní Manila ló ń gba ìdarí rẹ̀. Kò sóhun tó ní kí a má rí ọmọ Ìbàdàn kan lọ́la tó ń ti ilé rẹ̀ fọ abọ́ ní Leeds, láìní físà, láìsí lábẹ́ òfin owó iṣẹ́ ibẹ̀, tí arúgbó tó ń ràn lọ́wọ́ kò sì mọ̀ pé ó wà láyé. Wọ́n á ní fún ìgbà díẹ̀ ni, pé ẹ̀rọ ń fi ìyẹn kọ́ṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni AI tó ń kọ̀wé ṣe kọ́ṣẹ́: ìwé ìròyìn Time gbé e jáde ní 2023 pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kenya tó ń ṣa ọ̀rọ̀ burúkú kúrò fún un ń gba owó tí kò tó $2 ní wákàtí kan. Ẹni tí ẹ̀rọ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó ọ̀gá.

Òfin AI tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2024 sọ pé ẹni tó bá ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ó dára. Ìdajì kejì ló kù: ẹni tí ènìyàn bá wọlé tọ̀ nínú ara ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ènìyàn ni, kó mọ ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ tó gbà á. Ó sì yẹ kí a ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ onílé, pé bí ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì bá yẹ̀ tí ìyá àgbà ṣubú, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn: ẹni tó tà á ni, ẹni tó rà á ni, àbí ọmọ tó dé awò sójú lálẹ́ ọjọ́ náà.