Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń bi mí léèrè pé kí ni ládàánì ń wá ní pápá gọ́ọ̀fù. Wọ́n ní eré àwọn olówó ni, kò yẹ ẹni tí ń pe ènìyàn wá kírun. Èmi a máa dá wọn lóhùn pé eré ìdárayá kò lòdì sí ẹ̀sìn wa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje. Ó sì gba àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ níyànjú láti kọ́ ọfà títa. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni kí eré gba àkókò ìrun mọ́ wa lọ́wọ́, kí tẹ́tẹ́ wọ inú rẹ̀, tàbí kí ó jẹ owó tó yẹ kí a fi tọ́ ọmọ. Ti ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀pá tí a fi ń gbá gọ́ọ̀fù ni owó ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà ní ṣókí fún ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò rí i rí. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni a ó máa fi ọ̀pá gbá títí yóò fi kó sínú ihò. Ihò 18 ni ó wà nínú pápá tó pé, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ̀ ju íǹṣì 4¼ lọ. Ẹni tí iye ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí. Ọ̀pá tó gùn jù, tó ní orí ńlá, ni dráífà, a fi ń ta bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀pá onírin tí a kọ nọ́ńbà sí lára: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni bọ́ọ̀lù yóò ṣe máa ga sí i, tí kì yóò sì jìnnà. Wẹ́ẹ̀jì wà fún ibi tó súnmọ́ ihò, pọ́tà sì ni èyí tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wọ inú ihò.

Òfin ní a kò gbọdọ̀ ru ju ọ̀pá 14 lọ. Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi òfin yìí múlẹ̀ ní 1938, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀lé e ní 1939, nítorí pé àwọn kan ti ń ru 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i dáadáa: òfin ní kí a má ṣe ju 14 lọ, kò ní kí a pé 14. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ka òfin náà parí kí wọ́n tó kó owó jáde.

Láti kékeré ni mo ti mọ àwọn ọ̀pá wọ̀nyí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé-kéwú ni mo ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá sì di Sátidé, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi a máa ṣe kádì, ìyẹn ni pé à ń ru báàgì ọ̀pá fún àwọn àgbà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ eré náà. Lónìí, ní pápá tí ọ̀gá ń gbá ní 72, èmi a máa gbá a ní nǹkan bí 92 bí ara bá yá. Alábọ́ọ́dé ni mí, n kò sì tijú rẹ̀.

Nígbà tí àjọ kàn mí, mo rò pé àkókò tó láti ra ọ̀pá tuntun. Àwọn tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, bàbá àgbà kan ni ó fi ta mí lọ́rẹ nígbà tí mo ṣì jẹ́ géńdé, wọ́n sì ti le jù fún ẹni tó ti kọjá ogójì ọdún. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò wọn gíga mi, kò bi mí bí mo ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì ní kí n gbá ẹyọ kan wò. Ó ṣáà ń nawọ́ sí àwòrán àwọn òṣèré ńlá lára ògiri. Ó ní, “Àáfà, èyí tí àwọn tó ń gba ife ń lò nìyí. Bí ẹ bá mú un lọ, bọ́ọ̀lù yín yóò kàn máa fò ni.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo fẹ́ ronú sí i, mo sì gba ilé lọ.

Nígbà tí mo dárúkọ iye owó náà fún ìyá àwọn ọmọ, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ó gbé ọmọrogùn ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, àwọn alásè tí ń se oúnjẹ ìnáwó ní ọmọrogùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Wọ́n mọ àmàlà í rò jù mí lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tìtorí ìyẹn ra irú tiwọn, ṣé ìkòkò mi yóò gbà á? Ẹ wọn ìkòkò yín kí ẹ tó ra ọmọrogùn. Ẹ má sì gbàgbé pé fọ́ọ̀mù ìdánwò àṣejáde ọmọ wa yóò jáde ní oṣù tó ń bọ̀.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbé lé ọkàn tí mo fi lọ ra ọjà. A kọ́kọ́ yọ owó ìdánwò ọmọ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ìyókù wá ohun tó bá mi mu. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí, kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní.

Èkíní, ẹ ka iye ìgbá yín. Nínú ihò 18, mẹ́rin sábà máa ń kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi dráífà gbá wọn. Nítorí náà ẹni tó fẹ́ràn dráífà jù kò lè lò ó ju ìgbà 14 lọ ní pápá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi pọ́tà gbá ẹ̀ẹ̀mejì ní ihò kọ̀ọ̀kan, ìgbá 36 nìyẹn. Dráífà ni ó sì ń wọ́n jù nínú báàgì! Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, pọ́tà tó bá ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ mu ni kí ó kọ́kọ́ wá. Kí ó sì dán an wò lórí irú ilẹ̀ tí yóò máa gbá, nítorí pé ní àwọn pápá wa kan, ayíká ihò kì í ṣe koríko, yanrìn tí a fi epo pò ni.

Èkejì, ẹ wọn ara yín. Ara ọ̀pá gbọọrọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáàfù, ní líle àti rírọ̀. Wọ́n a máa kọ S sí èyí tó le, R sí èyí tó wà ní àárín, A tàbí Senior sí èyí tó rọ̀ fún àgbà, L sì wà fún obìnrin. Ẹni tí apá rẹ̀ kò yá mọ́ tó ń lo ṣáàfù líle, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í fẹ́ ga, apá ọ̀tún ni ó sì sábà máa ń gbà lọ bí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́tà náà nìkan, nítorí pé R iléeṣẹ́ kan lè le ju R òmíràn lọ. Ẹ gbá a wò. Rọ́bà ìdìmú náà ṣe pàtàkì: bí a bá fi ọwọ́ òsì dì í mú, kí orí ìka àárín méjèèjì kan àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé rọ́bà yìí nìkan ni ó ti gbó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Owó díẹ̀ ni, yóò sì dà bí ẹni ra ọ̀pá tuntun.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo irú orí tó ní. Irin tó pẹlẹbẹ, tó tín-ín-rín, àwọn ọ̀gá ni ó yẹ, nítorí pé àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fi bá bọ́ọ̀lù nígbà gbogbo. Àwa alábọ́ọ́dé a máa fi etí irin bá a, irin a sì yí lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Karsten Solheim, ọmọ ilẹ̀ Norway tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, ni ó ràn wá lọ́wọ́. Ẹnjiníà ni, ó ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù, pọ́tà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní 1959 ó ṣe pọ́tà tirẹ̀ nínú gáréèjì ilé rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ping nítorí ìró tó ń dún. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó kó ìwúwo irin kúrò láàárín, ó pín in sí etí méjèèjì. Ẹ̀yin tí ń kiri ọjà, ẹ mọ̀ pé àtẹ tí ẹrù wà ní etí rẹ̀ méjèèjì kì í tètè yí bí ẹnìkan bá ṣèèṣì fara kàn án. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni. Irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ jin, tí etí rẹ̀ wúwo, ni kí alábọ́ọ́dé rà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn yín. Irin 7 àtijọ́, ojú rẹ̀ a máa dagẹ̀rẹ̀ tó nǹkan bí digírì 36 sí 38. Ọ̀pọ̀ irin 7 tí wọ́n ń ṣe fún alábọ́ọ́dé lónìí kò ju 28 sí 30 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irin 5 àtijọ́ tí wọ́n kọ 7 sí lára. Nítorí náà bí ọlọ́jà bá ní, “Ẹ ò rí i bí ó ṣe jìnnà ju tiyín lọ!” ẹ bi í léèrè digírì rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé súrà kan wà nínú Àlùkùránì tí a fi àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù sọ lórúkọ. N kò pe èyí ní ìrẹ́jẹ, nítorí pé wọ́n tún kó ìwúwo sí ìsàlẹ̀ irin kí bọ́ọ̀lù lè ga. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń rà á mọ̀. Ìnáwó mìíràn ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀: bí wẹ́ẹ̀jì tó bá irin náà wá bá jẹ́ digírì 43, tí ti inú yanrìn jẹ́ 56, àlàfo 13 ti ṣí sílẹ̀, ẹ ó sì tún ra ọ̀kan sí i láti dí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ro ilẹ̀ wa. Abẹ́ wẹ́ẹ̀jì máa ń yọ ikùn. Ikùn ńlá dára fún yanrìn rírọ̀ àti ilẹ̀ òjò. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tó le bí àpáta, ikùn ńlá a máa ta sókè, irin a sì gé bọ́ọ̀lù lórí. Ikùn kékeré ni ó bá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu.

Tòkunbọ̀ kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orí rẹ̀ ń mì, bóyá ṣáàfù ti dípẹtà, bóyá ilà ojú irin ti jẹ tán. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. Ẹ mú òòfà kékeré dání: ojú dráífà tí wọ́n bá ní títáníọ̀mù ni, òòfà kò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ aláràbarà ta ọ̀pá fún yín. Obìnrin tó ga, tó lágbára, lè nílò ọ̀pá tó le ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Kí wọ́n wọ̀n yín bí télọ̀ ṣe ń wọ̀n yín. Ẹ má sì gé ọ̀pá àgbàlagbà kúrú fún ọmọdé. Orí rẹ̀ ṣì wúwo, ọmọ a sì kọ́ ìgbákúgbàá.

Èmi ra pọ́tà tuntun kan. Mo ra wúùdù kan, irin márùn-ún àti wẹ́ẹ̀jì méjì ní tòkunbọ̀. Mẹ́sàn-án péré ni gbogbo rẹ̀, èjìká mi sì ń dúpẹ́. Àwọn ọ̀pá líle àtijọ́, mo fi wọ́n ta ọmọ kádì kan lọ́rẹ, géńdé tí apá rẹ̀ yá. Wọ́n bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọmọ wa náà sì ṣe ìdánwò rẹ̀ láìsí ìdíwọ́.

Súrà kẹtàdínlógún kìlọ̀ fún wa nípa ìnákúnàá, ó sì kìlọ̀ nípa ahun pẹ̀lú. Kò sí ẹni tó ní kí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ kára má ṣeré. Ṣùgbọ́n kí a tó rà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ni mo fẹ́ fi ohun yìí hàn? Ẹ kírun Àsùbáà, ẹ bẹ̀rẹ̀ eré ní aago méje, nítorí pé ihò 18 a máa gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ẹ ó sì ti dé ilé kí Àìlà tó tó. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ta tẹ́tẹ́ lórí ihò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àlùbáríkà sí owó ọwọ́ wa, kí ó sì jẹ́ kí ilé wa tòrò. Àmín.